Ẹni Tí Yóò Pẹ́ Lójú Sánmà: Ọ̀rọ̀ lórí Afẹ́fẹ́, Omi àti Oúnjẹ

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn olùgbọ́ ní Àbújá àti agbègbè rẹ̀

 

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Àbújá kọjá ní apá Lugbe yóò mọ ọgbà ńlá tí wọ́n fi orúkọ Ọbásanjọ́ pè. Ibẹ̀ ni olú ilé iṣẹ́ NASRDA, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1999 láti máa ṣe ìwádìí nípa ojú sánmà. Àjọ yìí ló wà lẹ́yìn sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 tó gòkè ní 2003. Ní 2016, Mínísítà fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nígbà náà, Olóògbé Ogbonnaya Onu, sọ pé Nàìjíríà yóò rán ènìyàn lọ sí ojú sánmà kí ọdún 2030 tó pé. Nígbà tó di oṣù kẹfà 2024, NASRDA tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú àjọ kan tó ń jẹ́ SERA, pé kí ọmọ Nàìjíríà kan bá ọkọ̀ New Shepard ti ilé iṣẹ́ Blue Origin gòkè.

Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo irú ìrìnàjò tí í ṣe. Àlọ àti àbọ̀ New Shepard kò ju bí ìṣẹ́jú 11 lọ. Ó ń ga ju kìlómítà 100 lọ díẹ̀, ó sì ń já bọ̀. Ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ kò ní ráyè kí ebi pa á tàbí kí òùngbẹ gbẹ ẹ́. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ti tó o mí títí yóò fi padà délẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀wò lálẹ́ òní ni ti ẹni tí kò ní í tètè padà. Ẹni tí yóò fi ibẹ̀ ṣe ilé fún ọdún kan, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta ńkọ́? Kí ni yóò máa mí? Kí ni yóò máa mu? Kí ni yóò máa jẹ?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Àgbàlagbà kan ń lo nǹkan bíi 0.84 kìlógíráàmù ọ́síjìn lójúmọ́. Èyí tí ara rẹ̀ ti lò tán, tó sì mí síta, tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 1. Carbon dioxide ni àwọn onímọ̀ ń pe ìyẹn. Èmi yóò máa pè é ní àmísíta. Ní ti omi, lítà 3.8 ni wọ́n ń ṣírò fún ẹnì kan lójúmọ́ lójú sánmà, fún mímu, fún oúnjẹ àti fún ìmọ́tótó. Omi tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nílé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ká wá kó ènìyàn 4 jọ, ká rán wọn lọ sí Máàsì. Nítorí bí ilé ayé àti Máàsì ṣe ń yí oòrùn ká, bí oṣù 26 síra wọn ni ọ̀nà tó rọrùn fi ń ṣí. Wọn yóò lo oṣù 6 sí 9 lójú ọ̀nà, wọn yóò dúró kí ọ̀nà tún ṣí, wọn yóò sì tún lo irú oṣù bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó padà délé. Àpapọ̀ rẹ̀ súnmọ́ ọdún 3. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ dání, omi nìkan yóò ju tọ́ọ̀nù 16 lọ, ọ́síjìn yóò sì ju tọ́ọ̀nù 3 àti ààbọ̀ lọ. A ò tíì mẹ́nu kan oúnjẹ o.

Ní Àbújá yìí, ilé tí omi ẹ̀rọ kò bá dé, máì-rúwà, ẹni tó ń ta omi kiri, ni wọ́n ń wojú rẹ̀, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tó ń tì àti kẹ́ẹ̀gì tó tò sínú rẹ̀. Bí kò bá dé láàárọ̀, yóò dé lálẹ́. Ibùdó Òfurufú Àgbáyé, èyí tí wọ́n ń pè ní ISS, ṣì ní máì-rúwà tirẹ̀, nítorí pé bíi kìlómítà 400 péré ló fi jìnnà sí ilẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń lọ bá a látìgbàdégbà. Máì-rúwà kankan kò dé Máàsì.

Èrò tèmi rèé: rọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ ló le jù nínú gbígbé ojú sánmà. Àtúnlò àti àtúnṣe ló le jù. Ẹni tó ń lọ fún ìgbà díẹ̀ lè gbé ìpèsè dání. Ẹni tó ń lọ gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gba ohun tó ti lò padà, kó sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún ẹ̀rọ tó ń gbà á padà ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá 2000 ni ènìyàn ti ń gbé inú ISS, kò sì tíì ṣófo lọ́jọ́ kan. Ibo ni wọ́n ti ń rí ọ́síjìn? Inú omi ni. Wọ́n ń fi iná mànàmáná tí wọ́n rí gbà lára oòrùn pín omi sí ọ́síjìn àti háídírójìn. Wọ́n ń tú ọ́síjìn sínú ilé fún mímí. Ẹ̀rọ mìíràn wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti kó àmísíta nílẹ̀: ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ilé gba àárín hóró wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní zeolite kọjá, hóró yìí á sì di àmísíta mú. Bó bá kún, wọ́n á mú un gbóná, á tú ohun tó dì mú sílẹ̀, iṣẹ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ní 2010, wọ́n gbé ẹ̀rọ kẹta lọ síbẹ̀, èyí tó ń lo ọgbọ́n tí Paul Sabatier, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, ṣàwárí. Títí di 2017, ẹ̀rọ yìí ń so háídírójìn tó ṣẹ́kù mọ́ àmísíta. Omi á jáde, mẹ́tẹ́ènì náà á jáde. Omi á padà sínú táǹkì, wọ́n á sì tú mẹ́tẹ́ènì dànù síta. Ẹ kíyè sí i pé ìdajì háídírójìn tó wọ ẹ̀rọ yẹn ló bá mẹ́tẹ́ènì lọ, kò sì padà mọ́. Ní ISS, wọ́n lè fara da àdánù yẹn, nítorí pé omi ń bọ̀ láti ilẹ̀. Ní Máàsì, àdánù díẹ̀díẹ̀ yẹn ni yóò pa wọ́n.

Ohun kan tún wà tí a kì í rò. Lórí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná tí a mí síta á gòkè, èyí tó tutù á sì rọ́pò rẹ̀. Lójú sánmà, nǹkan kì í wúwo, kò sí òkè, kò sí ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ènìyàn mí síta lè dúró síwájú imú rẹ̀ gan-an. Bí fáànù kò bá fẹ́ ẹ kúrò, ẹni tó ń sùn á bẹ̀rẹ̀ sí í mí àmísíta ara rẹ̀ padà, orí á máa fọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí fáànù inú ISS fi ń pariwo tọ̀sán tòru.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Amẹ́ríkà ní ẹ̀rọ ọ́síjìn tirẹ̀ níbẹ̀, Rọ́ṣíà ní tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Elektron, ọ́síjìn tí wọ́n kó wá nínú táǹkì wà, àbẹ́là kẹ́míkà tó ń tú ọ́síjìn jáde bí wọ́n bá tanná ràn án náà wà. Àbẹ́là yẹn fúnra rẹ̀ ní ewu tirẹ̀: ní oṣù kejì 1997, irú rẹ̀ kan gbiná nínú ibùdó Mir ti Rọ́ṣíà, èéfín sì kún inú ilé tí kò ní fèrèsé ṣíṣí.

Ó kan omi. Ní oṣù kẹfà 2023, NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn ti ń gba ìdá 98 nínú 100 omi padà ní apá ti Amẹ́ríkà nínú ISS. Òógùn, ọ̀rinrin inú èémí, àti ìtọ̀ pẹ̀lú, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń sọ di omi mímu. Àwọn kan nínú yín ti yọ ṣùtì. Ẹ má yọ ọ́. Omi tó jáde nínú ẹ̀rọ yẹn mọ́ ju ọ̀pọ̀ omi tí à ń mu nílùú lọ.

Ìtàn ẹ̀rọ ìtọ̀ yìí ló kọ́ àwọn onímọ̀ lẹ́kọ̀ọ́ jù. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ìtọ̀ àwọn tó wà lórí ilẹ̀ ni wọ́n fi dán an wò, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tó dé òkè, ó dí pa ní 2009. Kí ló fà á? Lójú sánmà, ẹsẹ̀ kì í gbé ara, egungun á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ á sì máa bá ìtọ̀ jáde. Àwọn onímọ̀ ń da ásíìdì súfúríkì sínú ìtọ̀ nígbà náà kó má baà bàjẹ́. Kálísíọ̀mù pàdé ásíìdì yẹn, àwọn méjèèjì di èérí líle, èérí sì dí ẹ̀rọ. Wọ́n ní láti dín iye omi tí wọ́n ń fà yọ kù, títí wọ́n fi fi ásíìdì fọ́sífọ́ríkì rọ́pò ti àkọ́kọ́.

Ẹ wò ó bí ọ̀ràn náà ṣe so kọ́ra. Ibi tí ènìyàn ń gbé yí egungun rẹ̀ padà, egungun yí ìtọ̀ padà, ìtọ̀ sì ba ẹ̀rọ jẹ́. Ẹ̀rọ tó pé lórí ilẹ̀ kò tíì pé fún ibòmíràn, àfi bí a bá dán an wò pẹ̀lú àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Òṣùpá yóò mú tirẹ̀ wá: ìwúwo nǹkan níbẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà ti ilẹ̀ wa, eruku rẹ̀ mú ṣáṣá, ó sì ń lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan. Máàsì náà ní tirẹ̀.

Ní ti àtúnṣe, ẹ rántí ọkọ̀ Apollo 13 ti Amẹ́ríkà, oṣù kẹrin 1970. Táǹkì ọ́síjìn bú gbàù lójú ọ̀nà òṣùpá. Àwọn ọkùnrin 3 tó wà nínú ọkọ̀ náà sá wọ ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fẹ́ fi sọ̀ kalẹ̀ sórí òṣùpá. Ènìyàn 2 ni wọ́n ṣe é fún, fún bí ọjọ́ 2. Ènìyàn 3 ló ní láti gbà fún bí ọjọ́ 4. Àmísíta bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Agolo tó ń fa àmísíta kún inú ọkọ̀ ńlá dáadáa, ṣùgbọ́n onígun mẹ́rin ni, ihò tó wà nínú ọkọ̀ kékeré sì jẹ́ róbótó. Ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe ọkọ̀ méjèèjì, wọn kò sì bá ara wọn mu. Àwọn tó wà lórí ilẹ̀ ní Houston ló to báàgì ọ̀rá, páálí, rọ́bà aṣọ òfurufú àti téèpù pọ̀, wọ́n sì ka ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà sí wọn létí lórí rédíò, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Bí wọ́n ṣe yè nìyẹn.

Ẹni tó wà ní Máàsì kò ní irú àǹfààní yẹn. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ láti ilẹ̀ yóò lo ìṣẹ́jú 3 sí 22 kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èsì yóò sì lo irú àkókò bẹ́ẹ̀ padà. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí wọn yóò gbé lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ṣeé tú palẹ̀, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ bá ti ẹ̀rọ mìíràn mu, tí ìwé àlàyé rẹ̀ sì yé ẹni tí kò bá wọn ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì wa ní Apo, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Òye kí a gbọ́ ohùn ẹ̀rọ kí a mọ ibi tó ń dùn ún ṣe pàtàkì. Àmọ́ bí a kò bá kọ òye yẹn sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ló máa dúró sí.

Ó ku ohun alààyè. Ẹ̀rọ lè gba afẹ́fẹ́ àti omi padà, kò lè ṣe oúnjẹ. Fítámì C àti B1 inú oúnjẹ tí a dì sínú ọ̀rá á máa dínkù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbin nǹkan. Ohun ọ̀gbìn a sì tún máa fa àmísíta, a máa tú ọ́síjìn jáde. Kí ló wá dé tí wọn kò kúkú gbin oko sínú ilé kan tí a dé pa kí wọ́n sì wọ inú rẹ̀ lọ?

Wọ́n ti dán an wò. Ní oṣù kẹsàn-án 1991, ènìyàn 8 wọ inú ilé dígí ńlá kan ní Arizona, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Biosphere 2. Wọ́n tì í pa fún ọdún 2. Oko wà nínú rẹ̀, igbó wà, àbàtà wà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọ́síjìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, láti bí ìdá 21 nínú 100 títí ó fi dé bí ìdá 14. Ó ń rẹ àwọn tó wà nínú rẹ̀, oorun kò sì dùn. Ní 1993, wọ́n ní láti fa ọ́síjìn wọ inú ilé náà láti ìta. Ilẹ̀ oko ló fà á: wọ́n ti kó ilẹ̀dú ọlọ́ràá púpọ̀ jù síbẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ sì ń mí ju bí ewéko ṣe lè pèsè lọ. Kọnkéré ilé náà sì tún ń fa àmísíta tí ewéko ìbá fi ṣe ọ́síjìn. Kò sí ẹni tó ka kọnkéré mọ́ àwọn tó ń mí nínú ilé.

Kòkòrò àìfojúrí kì í ṣe ọ̀tá o. Ní Wupa, níbi tí omi ìdọ̀tí Àbújá ń lọ, àwọn gan-an ló ń jẹ ìdọ̀tí inú omi, tí ẹ̀rọ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn kí wọ́n má baà kú, kí omi náà tó wọ odò. Àjọ òfurufú Yúróòpù ti ń bá irú ìmọ̀ yìí ṣiṣẹ́ láti 1989 nínú ètò tí wọ́n ń pè ní MELiSSA: kòkòrò á jẹ ìdọ̀tí, ohun tó kù á bọ́ spirulina àti ewéko, ìyẹn náà á sì bọ́ ènìyàn. Spirulina jẹ́ ohun aláwọ̀ ewé tó ń léfòó lójú omi. Ní etí Adágún Chad, àwọn obìnrin Kanembu ti ń ré e lójú omi tipẹ́tipẹ́, wọ́n ń sá a lórí yanrìn, wọ́n ń pè é ní dihé, wọ́n sì ń fi se ọbẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ Yúróòpù ń dán wò fún Máàsì wà nínú ìkòkò àwọn aládùúgbò wa.

Ní Àbújá níbí náà, iṣẹ́ ń lọ lórí oúnjẹ. Arábìnrin Funmilola Oluwafemi ti NASRDA wà lára àwọn tó kọ àròkọ ìwádìí kan tó jáde ní 2018 lórí oúnjẹ fún ìrìnàjò pípẹ́ lójú sánmà. Àwọn onímọ̀ àjọ náà tún ti lo ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní clinostat, tó ń yí irúgbìn tó ń hù díẹ̀díẹ̀ láìdúró, kí gbòǹgbò má lè mọ apá ibi tí ilẹ̀ wà. Ọ̀nà tí kò wọ́n nìyẹn láti mọ bí irúgbìn wa yóò ṣe ṣe bí nǹkan kò bá wúwo, láìra tíkẹ́ẹ̀tì rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kẹjọ 2025, ẹ̀gúsí láti NIHORT, ilé ìwádìí ọ̀gbìn ewébẹ̀ àti èso ní Ìbàdàn, bá ọkọ̀ Crew-11 lọ sí ISS. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Temidayo Oniosun wà lára àwọn tó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ẹ̀gúsí ní epo àti èròjà amáradàgbà púpọ̀, ìtàkùn rẹ̀ sì ń tẹ́ sílẹ̀, kò nílò òrùlé gíga. Ó tọ́ kí wọ́n wò ó bóyá ó yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà, ìyẹn ni kí wọ́n lo ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ Máàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì àmísíta. Láti oṣù kẹrin 2021 sí 2023, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ MOXIE, lára ọkọ̀ Perseverance tó wà níbẹ̀, yọ ọ́síjìn nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 122. Iye yẹn kò tó ènìyàn kan mí fún wákàtí mẹ́rin, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe.

Nàìjíríà tọwọ́ bọ Àdéhùn Artemis ní oṣù kejìlá 2022, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè tó fẹ́ jọ ṣiṣẹ́ lórí òṣùpá. Ó yẹ kí orílẹ̀-èdè tó bá wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mú nǹkan lọ. A kò ní rọ́kẹ́ẹ̀tì tí a lè mú lọ báyìí. A ní irúgbìn, a ní onímọ̀ ọ̀gbìn, a ní ìlú tí omi rẹ̀ nílò àtúnlò lónìí, a sì ní ọwọ́ tó mọ àtúnṣe. Bí mo bá jẹ́ ẹni tó ń pín owó ìwádìí, ibẹ̀ ni n óò kọ́kọ́ da owó sí, ṣáájú ìjókòó nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, torí pé èrè rẹ̀ yóò dé Karu àti Nyanya kó tó dé Máàsì.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ àmúrelé yín rèé. Ẹ wá ìgò ńlá tó mọ́ gaara. Ẹ da ilẹ̀ ọ̀rinrin sí i, ẹ gbin ewé kékeré kan, ẹ dé e pa, ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ tí oòrùn kò ti ní í sun ún. Ẹ má ṣí i fún oṣù kan. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀ lójoojúmọ́: ìgbà tí omi hàn lára ìgò, ìgbà tí ewé yí àwọ̀, ohun tó kọ́kọ́ bàjẹ́. Bí oṣù bá pé, ẹ jókòó kí ẹ jiyàn lórí ìbéèrè kan: bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ wà nínú ìgò yẹn, kí ni ẹ̀ bá ti tún ṣe, ọjọ́ wo sì ni ẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀?